Kí Àwọn Ọmọ Wa Fi Ọwọ́ Ara Wọn Pe Kọ̀ǹpáílà

Nínú gbogbo ohun tí a ń sọ pé a fẹ́ fi sàmì sí àjọ̀dún yìí, yàrá kọ̀ǹpútà ni mo gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù lọ. Àwọn kan ní kí a ra tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun, àwọn mìíràn ní kí a san owó íntánẹ́ẹ̀tì ọdún púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtara wọn dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí àwọn ọmọ yóò máa ṣe nígbà tí wọ́n bá jókòó níwájú ẹ̀rọ náà tán. Èrò tèmi nìyí: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò kékeré ní èdè C, kí ó tẹ àṣẹ tí yóò sọ ètò náà di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, kí ó sì ka èsì tí ẹ̀rọ bá fún un, láìjẹ́ pé bọ́tìnnì aláwòrán kan bá a ṣe é.

Ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ SS kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ṣí i. Ẹ ó rí ìtumọ̀ kọ̀ǹpáílà níbẹ̀, tí ó ti fi bírò pupa fàlà sí nídìí. Ẹ ní kí ó sọ ọ́ fún yín, yóò kà á lórí bí ẹni ń ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́. Ẹ wá bi í léèrè pé ìgbà mélòó ni ó ti lo ọ̀kan rí, ẹ ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò wolẹ̀. Ẹ̀bi ọmọ kọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi olùkọ́ tí ó ń kọ́ kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ méjì mẹ́ta náà. Ìtumọ̀ ni ìdánwò ń béèrè, ìtumọ̀ ni a sì ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí alágbẹ̀dẹ tí ó fi ẹnu lásán kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní irin rírọ.

Fún àǹfààní ẹ̀yin òbí tí ọ̀rọ̀ yìí lè ṣàjèjì sí, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí a mọ̀ nínú ìjọ ṣàlàyé rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ èdè C pàápàá. Iná tí ó wà àti iná tí kò sí nìkan ni ó mọ̀, èyí tí a ń kọ ní 1 àti 0. Ẹnìkan ní láti dúró láàrin. Oríṣi ẹni bẹ́ẹ̀ méjì ni a sì mọ̀. Àkọ́kọ́ ni ògbufọ̀ tí ń dúró ti oníwàásù àlejò lórí pẹpẹ: àlejò sọ gbólóhùn kan, òun náà tú u, títí ìwàásù fi parí. Bí àlejò bá padà wá lọ́dún tí ń bọ̀, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ tún wà níbẹ̀. Èkejì ni irú iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe: wọ́n túmọ̀ ìwé sílẹ̀, a sì ń kà á láìsí pé wọ́n dúró tì wá. Bí ògbufọ̀ ni èdè BASIC tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa àti Python tí ayé ń pariwo rẹ̀ ṣe sábà máa ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpáílà ni olùtumọ̀ ìwé. Ó ka gbogbo ohun tí a kọ láti orí dé ìdí, ó túmọ̀ rẹ̀ sí fáìlì mìíràn, a sì lè gbé fáìlì yẹn lọ síbi tí kọ̀ǹpáílà kò sí, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ibẹ̀ bá ti jẹ́ irú kan náà.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Grace Hopper, ni ó ṣe A-0 ní 1952, èyí tí a sábà máa ń kà sí baba ńlá àwọn kọ̀ǹpáílà, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ gbà pé ìṣirò nìkan ni kọ̀ǹpútà lè ṣe. Kí àwọn ọmọbìnrin wa gbọ́ ìyẹn dáadáa. Dennis Ritchie ní ilé iṣẹ́ Bell Labs ni ó dá èdè C sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Nígbà tí ó di 1987, Richard Stallman gbé kọ̀ǹpáílà GCC jáde fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti lò ó, láti tú inú rẹ̀ wò, àti láti pín in fún ẹlòmíràn. GCC yìí ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ni èmi fi kọ́ṣẹ́, òun ni mo sì fi ń jẹun títí di òní.

Àṣẹ tí mo fẹ́ kí ọmọ wa mọ̀ ọ́n tẹ̀ kò gùn:

gcc -Wall -g -o owo owo.c

Ẹ wò ó bí ìgbà tí a bá rán ọmọ lọ sọ́jà. Orúkọ ọmọ tí a rán ni gcc. Ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ ni owo.c, ìyẹn ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ní èdè C. Àwọn ìyókù tí wọ́n ní àmì ìlà kékeré níwájú ni ìkìlọ̀ tí ìyá ń tẹ̀lé ọmọ pẹ̀lú títí dé ẹnu ọ̀nà: ẹ̀wà tí kò ní kòkòrò ni kí o rà, inú abọ́ yìí ni kí o kó o sí. “-o owo” ni abọ́. Ó ń sọ orúkọ tí a fẹ́ kí iṣẹ́ tí ó parí máa jẹ́. Bí a kò bá sọ ọ́, gcc yóò pe orúkọ rẹ̀ ní a.out, orúkọ tí a jogún láti ayé àtijọ́ nígbà tí Unix ṣì kéré, tí kò sì sẹ́ni tó ráyè yí i padà. Ọmọ tí kò mọ èyí yóò kọ ètò mẹ́wàá, gbogbo wọn yóò sì máa jẹ́ a.out, tí ọ̀kan yóò máa pa èkejì rẹ́. “-g” ní tirẹ̀ ń jẹ́ kí orúkọ àti nọ́ńbà ìlà tí a kọ wà nínú iṣẹ́ náà, kí a lè fi gdb tọpa àṣìṣe bí ó bá ṣẹlẹ̀. “-O2” tún wà, tí a ń lò nígbà tí a bá fẹ́ kí iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n ọmọ tí ń kọ́ ìrìn kò nílò eré sísá.

“-Wall” ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. W dúró fún ìkìlọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àṣẹ yìí ń sọ fún kọ̀ǹpáílà pé: bí o bá rí ohun tí ó bófin èdè mu ṣùgbọ́n tí ó kọ ọ́ lóminú, má dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí mo mọ̀ pé kò sí òbí tí kò ní kà á. Ká ní ọmọ SS2 kan kọ ètò tí yóò sọ iye gbèsè tí ó kù lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́:

int gbese = 45000;
if (gbese = 0)
    printf("O ti san tan.\n");
else
    printf("O ku naira %d.\n", gbese);

Bí a bá fi gcc lásán túmọ̀ rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Ètò náà yóò jáde, yóò sì ṣiṣẹ́. Ohun tí yóò kọ sójú ẹ̀rọ ni “O ku naira 0.” Ọmọ tí ó jẹ 45,000 náírà ti di ẹni tí kò jẹ kọ́bọ̀, ọmọ tí ó sì ti san tán náà yóò gba ìwé pé òdo náírà ni ó kù. Kí ló fà á? Nínú èdè C, àmì = kan ṣoṣo kì í ṣe ìbéèrè. Àṣẹ ni: fi 0 sínú gbese. Àmì méjì, ==, ni ó ń béèrè bóyá nǹkan méjì dọ́gba. Ọmọ náà rò pé òun béèrè iye gbèsè ni, kò mọ̀ pé òun ti pa gbèsè rẹ́.

Bí ó bá fi “-Wall” sí i, kọ̀ǹpáílà yóò tọ́ka sí orúkọ fáìlì, nọ́ńbà ìlà, àti ibi gan-an lórí ìlà náà tí ọ̀rọ̀ wà, yóò sì kọ “suggest parentheses around assignment used as truth value”. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti rí i lẹ́ẹ̀mejì kò ní gbàgbé ohun tí ó ń sọ. Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Kọ̀ǹpáílà ti bá wa wo igi náà, bí a bá ti ní kí ó wò ó. Ohun tí ó ń bí mi nínú nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni ni pé wọ́n ń fi “-Wall” sí orí ìkẹyìn, bí ẹni pé adùn ni, nígbà tí ó yẹ kí ó wà nínú àṣẹ àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò tẹ̀ láyé rẹ̀. Àfikún àṣẹ kan tún wà, “-Werror”, tí ń sọ gbogbo ìkìlọ̀ di àṣìṣe, tí iṣẹ́ kò sì ní jáde rárá àfi bí a bá tún un ṣe. Láti táàmù kejì lọ ni èmi yóò sọ ọ́ di dandan nínú kíláàsì. (Kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ́ kí orúkọ “Wall” tan òun jẹ. Wọ́n ní “all”, ìyẹn gbogbo, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìkìlọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. “-Wextra” ṣì ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn sì tún wà lẹ́yìn ìyẹn.)

Ohun kejì tí bọ́tìnnì máa ń fi pamọ́ ni pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni gcc. Mẹ́rin ni wọ́n, tí ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ ọ̀kan. Ọ̀kan ń kó àwọn ìwé àfikún jọ, òmíràn ń túmọ̀ C sí èdè tí ó súnmọ́ ti ẹ̀rọ, ẹ̀kẹta ń sọ ìyẹn di 1 àti 0, ẹ̀kẹrin ń so ègé pọ̀ mọ́ ègé. A lè dá iṣẹ́ náà dúró níbikíbi kí a wò ó: “-E” lẹ́yìn òṣìṣẹ́ kìn-ín-ní, “-S” lẹ́yìn ìkejì, “-c” lẹ́yìn ìkẹta. Kí olùkọ́ fi “-E” han àwọn ọmọ nínú ètò onílà márùn-ún tí ń kí ènìyàn, wọn yóò rí i pé ìlà tí ó lé ní 500 ni ó jáde lórí Linux, nítorí ìlà “#include <stdio.h>” kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sókè. N kò mọ ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó ń la ojú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú kan.

Ìdí tí mímọ àwọn mẹ́rin yìí fi ṣe pàtàkì ni pé ọ̀tọ̀ ni ìròyìn tí oníkálukú wọn ń mú wá. Ọmọ tí ó kọ ètò láti ṣírò square root nọ́ńbà tí ènìyàn bá tẹ̀ yóò pe sqrt. Gbogbo ohun tí ó kọ tọ̀nà, kò sí ìkìlọ̀ kankan, síbẹ̀ yóò rí “undefined reference to `sqrt'”. Bí ó bá jẹ́ bọ́tìnnì nìkan ni ó mọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ sípẹ́lì rẹ̀ wò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tí ó mọ àwọn òṣìṣẹ́ yóò mọ̀ pé ìkẹrin ni ó ń sọ̀rọ̀: ó ń wá ibi tí sqrt wà, wọn kò sì júwe ilé ìkówèésí ìṣirò fún un. “-lm” ni ìdáhùn, ìparí àṣẹ ni ó sì yẹ kí ó wà, lẹ́yìn orúkọ fáìlì. Bí a bá gbé e síwájú lórí Ubuntu, ẹjọ́ kan náà ni yóò tún rò, nítorí ẹni tí ń so ègé pọ̀ a máa kà láti òsì sí ọ̀tún, kì í sì í mú ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn tí kò fara mọ́ èrò mi yóò sọ. Wọn yóò ní ayé ti kọjá ojú dúdú tí a ń tẹ ọ̀rọ̀ sí, pé Code::Blocks àti àwọn irú rẹ̀ ní bọ́tìnnì tí ń ṣe gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ ojú Code::Blocks nígbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì náà, wọn yóò rí àṣẹ gcc kan náà níbẹ̀, pẹ̀lú “-Wall” àti “-g” rẹ̀. Bọ́tìnnì náà ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ ni. Ọmọ tí ó mọ àṣẹ lè lo bọ́tìnnì nígbàkígbà tí ó bá fẹ́. Èmi kò rí i kí ó rọrùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ti ọ̀nà kejì wọlé.

Àwọn mìíràn yóò ní Python ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. N kò bá wọn jiyàn, kí a kọ́ wọn ní Python pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Python tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́. C ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú Linux, èyí tí ó wà lábẹ́ gbogbo fóònù Android tí ẹ fi ń gba ìpè ọmọ yín. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ilé, n kò sì rí ìdí tí kò fi yẹ kí ó jẹ́ ọmọ wa.

Àríwísí kan wà tí n kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ọ̀nà yìí le ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó gbàgbé àmì kan lè rí ìròyìn àṣìṣe mẹ́fà lójú ẹ̀rọ, kí àyà rẹ̀ já, kí ó sì sọ pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tòun. Irú wọn yóò wà, a ó sì pàdánù díẹ̀ nínú wọn. Olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́ wọn pé ìròyìn àkọ́kọ́ nìkan ni kí wọ́n kà, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì tún pe gcc, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni márùn-ún tí ó kù yóò bá a lọ. Nítorí náà, bí a bá ń dá owó jọ fún àjọ̀dún yìí, owó olùkọ́ ni kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀.

Ní ti ẹ̀rọ, owó rẹ̀ kò tó ohun tí a ń bẹ̀rù. GCC kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí a bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ tán. Òun àti ohun tí ó nílò lórí Linux kò tó gígábáìtì kan. Kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ yín ti fẹ́ jù nù nítorí pé Windows tuntun kò gùn ún mọ́ yóò ṣe é láìkùnà. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston tó ra tuntun ránṣẹ́, ẹ bi ọ̀gá yín léèrè nípa àwọn tí ó wà nínú àká. Iná ni ìṣòro gidi, ohun tí yóò sì gbé iná dúró fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ sàn fún wa ju ògún tábúlẹ́ẹ̀tì lọ. Òbí tí kò lè ra kọ̀ǹpútà sílé pàápàá lè jẹ́ kí ọmọ gbé Termux sórí fóònù Android rẹ̀. Clang ni kọ̀ǹpáílà ibẹ̀, ó sì gbọ́ “-Wall”, “-g” àti “-o” bí a ti kọ wọ́n lókè yìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó kan èdè wa. Ètò C lè kọ “Ẹ káàárọ̀” sójú ẹ̀rọ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fi strlen ka gígùn “ọkọ̀”, tí àwa mọ̀ sí lẹ́tà mẹ́ta, 9 ni yóò dá a lóhùn, nítorí pé báìtì ni ó ń kà, ọ sì gba báìtì mẹ́ta, ọ̀ gba márùn-ún. Ibẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ tí orúkọ Yorùbá fi ń da ìlà rú nínú àkójọ èsì ìdánwò, tí akọ̀wé yóò fi sọ pé kí a kúkú yọ àmì ohùn kúrò lórí orúkọ ọmọ. Ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò náà ni yóò mọ ibi tí àtúnṣe wà.

Àwọn ìkìlọ̀ tí gcc ń sọ pẹ̀lú, a ti túmọ̀ wọn sí Faransé, Jámánì, èdè Sweden, ti Indonesia, ti Vietnam, àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Kò sí Yorùbá nínú wọn. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni iṣẹ́ náà, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì lókè, àyè òfo nísàlẹ̀ rẹ̀, Translation Project ni ó sì ń gbà á wọlé lọ́wọ́ àwọn tí ó bá fi ara wọn sílẹ̀. A ní olùkọ́ Yorùbá, a ní olùkọ́ kọ̀ǹpútà, yàrá méjèèjì kò sì jìnnà síra wọn. Kí wọ́n mú ìkìlọ̀ orí owó ilé ẹ̀kọ́ yẹn ṣe àkọ́kọ́. Èmi yóò dá a lábàá pé kí ó kà báyìí: “Ṣé o fẹ́ fi iye tuntun síbẹ̀ ni, àbí o fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n dọ́gba?”